Ọjọ́ márùn-ún ní Sevilla, àti oúnjẹ ọ̀sán kan tó di alẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni bààlúù gúnlẹ̀ sí Sevilla, èmi àti Alhaja la jọ wọ̀ ọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, Sísí Leeds ti ṣáájú wa dé láàárọ̀, Tíṣà ní tiẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbé, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Spéìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó lọ jìnnà ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí a jẹ́ síra wa. Yàrá kan náà la gbé ní Moremi Hall n'Ífẹ̀, àwa mẹ́rin, ìkòkò kan, sítóòfù kan, abọ́ ẹ̀bà kan tí gbogbo ọwọ́ ń wọ̀. Ọdún méjì ni Alhaja fi ṣáájú wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe "ẹ" fún wọn títí dòní, a ò sì ní jáwọ́. Látọjọ́ tí a ti kẹ́rù kúrò ní yàrá yẹn, a ò tíì jókòó sídìí oúnjẹ kan náà pa pọ̀ rí, tí ẹni yìí bá wà, tọ̀hún ò ní sí. Ọdún mọ́kàndínlógún! Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ kí ìkankan bọ́ sọnù níbẹ̀.

Tíṣà ti kọ ọ́ sínú WhatsApp wa bí ẹ̀ẹ̀mẹta pé kí a jẹun kí a tó dé o, pé tó bá ti kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀ a ò ní rí ẹni dáná fún wa. A ò kà á sí. Nígbà tí a máa fi kó ẹrù sí ilé tí a háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alameda de Hércules, aago márùn-ún ti lù, ebi ti dé góńgó, la bá bẹ̀rẹ̀ sí wọ báà kan jáde bọ́ sí òmíì. Báà àkọ́kọ́, bàbá ibẹ̀ ń fọlẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kíṣìnnì ti tì, ó di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Ìkejì, bákan náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ṣàánú wa, ó gbé àwo èso ólífì kan wá pẹ̀lú búrẹ́dì àti ṣíìsì tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe, ó ní ohun tí kò bá iná ṣe nìyí. Alhaja jókòó, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ ná." A sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ólífì tí mo ti ń jẹ nínú ike ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ọmọ ìyá rẹ̀ lásán ni. Manzanilla ni wọ́n ń pe irú èyí, ìyẹn ápù kékeré, ó le díẹ̀ lẹ́yín, wọ́n ti fi ááyù àti ewé olóòórùn pa á lára. (Wáìnì funfun kan wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, láti Sanlúcar lẹ́nu òkun ló ti ń wá, kí ẹ má baà bèèrè ọ̀kan kí wọ́n gbé èkejì fún yín.)

Lálẹ́ tí Tíṣà ti ibi iṣẹ́ dé, tí a ti dì mọ́ra, tí a ti pariwo tán lójú títì, mo bi í pé kí ló dé táwọn èèyàn yìí kì í jẹun lásìkò. Ó ní lásìkò ni wọ́n ń jẹ ẹ́, aago gan-an ni kò sí lásìkò. Ó ní kí n wo máàpù, abẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tààrà ni Spéìn wà, ó yẹ kí aago wọn dọ́gba, àmọ́ ní 1940 ìjọba Franco ti aago síwájú ní wákàtí kan kó lè bá ti Jámánì mu, wọn ò sì dá a padà mọ́ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ní oṣù Kọkànlá tí a wà yìí, aago kan á ti kọjá kí oòrùn tó dé àtàrí ní Sevilla, tó bá dìgbà ooru á tún tó aago méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá wá jẹun ní aago méjì ọ̀sán, oòrùn ò ní bá a jà, ọ̀sán gangan ló jẹun. Ohun tó dùn mọ́ Alhaja nínú gbogbo ẹ̀ ni pé aago ibẹ̀ bá ti Nàìjíríà dọ́gba lásìkò yìí, wọ́n kàn gbé fóònù, wọ́n pe màmá wọn n'Íbàdàn, kò sí pé à ń ṣírò wákàtí.

Ọjọ́ Ẹtì

A rìn lónìí, ẹsẹ̀ ń sọ fún mi. Igi ọsàn ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì ní gbogbo àárín ìlú, èso ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti àwọ̀ ewé bọ́ sí pupa rúsúrúsú. Sísí Leeds ti nawọ́ sí ọ̀kan kí Tíṣà tó dá a lẹ́kun, ó ní ọsàn yẹn korò, kì í ṣe jíjẹ, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rà lọ fi se máámáléèdì. Lóòótọ́, mo rántí pé "Seville" ló wà lára ìgò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi nílé, mi ò bi ara mi rí pé kí nìyẹn.

A gun Giralda. Gogoro mọ́sáláṣí ni tẹ́lẹ̀, 1184 sí 1198 ni wọ́n kọ́ ọ nígbà táwọn Almohad láti Mòrókò ń jọba níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá di ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1401. Kò sí àtẹ̀gùn nínú ẹ̀ o, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ márùndínlógójì ló ń yípo lọ sókè, nítorí kí ládàánì lè gun ẹṣin débẹ̀ láti pe ìrun. Alhaja ń fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ bí a ṣe ń gòkè. Nígbà tí a dókè, wọ́n dúró síbi fèrèsé kan, ètè wọn ń mì, a fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ọ̀sán, a ò jókòó jẹun, Tíṣà ní ọ̀la ni jíjókòó, tòní dídúró ni. Ó mú wa lọ sí El Rinconcillo, báà tí wọ́n ń pè ní àgbà gbogbo báà Sevilla, 1670 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Itan ẹlẹ́dẹ̀ ń rọ̀ lókè orí wa bí àtùpà, àwọn èèyàn fẹ̀yìn ti káńtà, ọkùnrin tó ń tà sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ owó oníkálùkù sórí igi káńtà níwájú ẹ̀, tó o bá ti san án ó nù ún nù. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ bí ètò yìí ṣe rí. Tapa ni àwo kékeré, media ración tóbi ju ìyẹn lọ, ración wá ni àwo ńlá tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin máa fi fọ́ọ̀kì sí. Ní Sevilla, owó ni wàá fi ra tapa rẹ, ṣùgbọ́n tó o bá dé Granada, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e tẹ̀lé ohun mímu. Ọ̀rọ̀ náà, ìdérí ló túmọ̀ sí, àwọn kan ní búrẹ́dì tàbí ẹran wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń dé ẹnu ife kí eṣinṣin má kó sí i ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn míì ní ọba àtijọ́ kan ló pàṣẹ pé kí wọ́n má ta wáìnì láìsí nǹkan jíjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èyí tó wù yín kẹ́ ẹ mú níbẹ̀.

Ohun tí a jẹ ni espinacas con garbanzos, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi irú ẹ̀wà róbótó kan sè, pẹ̀lú ááyù, kumin, ata gbígbẹ, àti búrẹ́dì tí wọ́n dín tí wọ́n gún sí i kí ó lè ki. Mo ti sọ nínú ọkàn mi pé ẹ̀fọ́ rírò rèé kí n tó tọ́ ọ wò. Òórùn kumin yẹn ló kọ́kọ́ mú Alhaja, wọ́n ní òórùn ilé Lárúbáwá nìyí. Ìgbà tí Tíṣà wá ka àwọn orúkọ oúnjẹ tó wà lára ògiri síta, tó dé orí albóndigas, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí wọ́n ṣù róbótó, Alhaja dá a dúró. "Al-búńdúkà ni. Wọ́n kọ́ wa nílé kéú." Aceite, òróró, Lárúbáwá ni. Aceituna, ólífì, Lárúbáwá ni. Odò ńlá tó la ìlú yìí kọjá, Guadalquivir, "wádì" àti "kabíírù", odò ńlá náà ló túmọ̀ sí. Alhaja wá ní ẹ ò wá rí i pé "al" tó wà lórí albóndigas yìí, òun náà ló wà lórí àlùbọ́sà wa, àlàáfíà, àlùbáríkà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbà tí a fi bá ara wa pàdé lórí káńtà yìí. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń bèèrè ìtumọ̀ gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ọkùnrin oníṣọ́ọ̀kì yẹn, òun náà sì ń dá wọn lóhùn, Tíṣà ń túmọ̀, ogunlọ́gọ̀ ń tò sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọjọ́ tí a tìtorí ẹ̀ wá.

Láàárọ̀ a gba afárá Triana kọjá, afárá onírin tí wọ́n parí ní 1852, a bọ́ sí òdìkejì odò. Àwọn ará Triana, tó o bá bi wọ́n pé ṣé ọmọ Sevilla ni wọ́n, wọ́n á ní ọmọ Triana làwọn. Àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ni, wọ́n ń kun táìlì aláràbarà títí dòní. Ọjà wọn wà lẹ́nu afárá gan-an, abẹ́ ẹ̀ sì ni àlàpà ilé olódi San Jorge wà, ibi tí ilé ẹjọ́ Inquisition ti jókòó láti 1481, tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé nítorí ẹ̀sìn. A wọ ibẹ̀ wò. Alhaja ò pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní káwọn lọ dúró sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja lókè.

Aago méjì kọjá díẹ̀ la jókòó. Báà kékeré kan ní kọ̀rọ̀ títì, tábìlì mẹ́fà níta, oòrùn oṣù Kọkànlá tí kì í jóni rọra ń bẹ lára ògiri. Tíṣà mọ ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ, ó ti bá a sọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan wà lára wa tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí kì í sì í jẹ ẹran tí kì í ṣe hàlálì. Ó tún kìlọ̀ fún Alhaja nípa ohun mímu kan: mosto. Níbi tó pọ̀ ní Spéìn, omi èso àjàrà lásán ni mosto, ọmọdé ń mu ún, ṣùgbọ́n ní agbègbè Sevilla níbí, pàápàá tí ìkórè àjàrà bá ti kọjá bí ìgbà tí a wà yìí, wáìnì tuntun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ń pani. Alhaja ní kí wọ́n fún omi ọsàn fún àwọn, ọsàn dídùn ṣá o. Èmi ní kí wọ́n gbé fino tútù kan, irú wáìnì funfun kan, fún mi.

Òfin kan ni Tíṣà fi lélẹ̀: àwo méjì ni a ó máa bèèrè lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sísí Leeds ti fẹ́ ka gbogbo ìwé oúnjẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà bí a ṣe máa ń ṣe ní ìlú Òyìnbó, Tíṣà gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Méjì àkọ́kọ́: boquerones, ẹja kéékèèké tí wọ́n rẹ sínú fínígà títí tó fi funfun, tí wọ́n da òróró àti ááyù sí lórí, àti salmorejo. Salmorejo yìí, ọmọ Córdoba ni. Tòmátì tútù, búrẹ́dì àná, ááyù, iyọ̀, òróró ólífì tó pọ̀, wọ́n lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ títí á fi ki, kò rí iná rárá. Ẹyin sísè àti ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń wọ́n lé e, tiwa wá pẹ̀lú ẹyin nìkan. Ó tutù, ó dán, búrẹ́dì la fi ń nù ún jẹ. Mo ti ń jẹ tòmátì láti kékeré mi, nínú ọbẹ̀ ata tí a ti dín títí omi ẹ̀ fi gbẹ, mi ò mọ̀ pé tòmátì lásán lè dùn báyìí.

Méjì tó tẹ̀ lé e: cazón en adobo, ekurá kékeré tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n rẹ sínú fínígà, kumin àti ááyù kí wọ́n tó yí i ní ìyẹ̀fun dín, àti tortilla, ẹyin àti pòtétò tí wọ́n dín nípọn bí mọ́ínmọ́ín inú abọ́, tí àárín ẹ̀ ṣì ń ṣàn díẹ̀. Alhaja gba àwo ekurá yẹn sọ́dọ̀, a ní kí wọ́n gbé òmíì wá.

Lẹ́yìn náà la tó bèèrè jamón, itan ẹlẹ́dẹ̀. Tíṣà gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì lọ́hùn-ún pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tiẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa torí mo ti ń gbọ́ pé ó wọ́n, mi ò mọ ìdí. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ilẹ̀ wọn ni, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kejì ni wọ́n ń dà á sínú igbó igi óákù, èso igi yẹn tó ń jábọ́ ló ń jẹ tó fi ń sanra, wọ́n ń pe èso náà ní bellota. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, wọ́n á fi iyọ̀ bo itan ẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ náà wà. Ẹlẹ́dẹ̀ tí bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ jẹ́ ojúlówó, tó sì jẹ bellota, àmì dúdú ni wọ́n ń so mọ́ itan ẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti funfun ló tẹ̀ lé e. Lórí òkè Jabugo, ní ìpínlẹ̀ Huelva tó múlé gbe Sevilla, ni àwọn tó lókìkí jù wà. Ẹni tó ń gé e, ọ̀bẹ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lò, ó ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á kọjá. O ò ní jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran, wàá fi sórí ahọ́n, ọ̀rá ẹ̀ á yọ́ fúnra ẹ̀.

Ìrù màlúù ló kẹ́yìn, cola de toro, tí wọ́n fi wáìnì pupa sè títí ẹran fi ń já kúrò lára egungun. Èmi àti Sísí dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Alhaja tún ń jẹ ẹ̀fọ́ àná, wọ́n bá a níbẹ̀ náà.

Kí ẹ wá wo àyíká wa. Tábìlì kejì, ìyá arúgbó kan, àwọn ọmọ ẹ̀, ọmọ ọmọ, ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n ń gbé láti itan sí itan títí tó fi yí tábìlì po. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó ń wo aago. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ, tí àwo kan bá ti ṣófo á mú un kúrò, kò ní bi wá pé ṣé a ti ṣe tán, kò sì ní gbé bíìlì wá láyé àfi tó o bá bèèrè fúnra ẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí o ṣe ń jókòó ni wọ́n á ti sọ fún ẹ pé ẹlòmíì ti gba tábìlì yìí, wákàtí kan ààbọ̀ ni tìrẹ. Èmi tí mò ń jẹ sáńwíìsì nídìí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, ogún ìṣẹ́jú, tí mo ti gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, inú mi bàjẹ́ díẹ̀ bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo ro iye ọ̀sán tó ti lọ.

Kọfí dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Tíṣà ní ibi tí a dé yìí lórúkọ, sobremesa, "sobre" ni lórí, "mesa" ni tábìlì, àsìkò tí oúnjẹ ti tán tí ẹnikẹ́ni ò dìde ni. Ó ní àwọn mìíràn gbà pé nítorí èyí gan-an làwọn ṣe jẹun.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn la sìnkú màmá Tíṣà l'Óṣogbo. Gbogbo wa la ra aṣọ ẹbí, Sísí Leeds náà rà, ó sanwó, a ń retí ẹ̀, kò wá. Kò sọ ìdí. Láti ìgbà náà, tí Sísí bá kọ nǹkan sínú WhatsApp wa, "ok" ni Tíṣà ń fi dá a lóhùn, "ok" nìkan, ọdún mẹ́fà. Èmi àti Alhaja ti bẹ Tíṣà, a ti bẹ Sísí, a ti fi í sílẹ̀.

Sísí ti ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò sí ṣúgà nínú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣàdédé ní, "Tíṣà, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ wá sin màmá." Gbogbo wa dákẹ́. "Ìwé ìgbélùú mi ló wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ọdún méjì ààbọ̀ ló fi wà lọ́dọ̀ wọn. Tí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́, ọmọ mi ṣì wà ní pírámárì nígbà yẹn. Ojú tì mí láti sọ fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba páálí tiyín. Mo rán aṣọ yẹn, mo wé gèlè, mo wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú títí di alẹ́ nínú yàrá mi ní Leeds, mo tilẹ̀kùn."

Tíṣà ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ tí kò sọ nǹkan kan. Ó wá fa àga ẹ̀ sún mọ́ ti Sísí, ó gbé orí lé e léjìká, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, a ò pàrọwà fún wọn. Ọmọkùnrin yẹn jáde wá, ó rí wa, ó gbé omi àti nápúkìn sílẹ̀, ó wọlé padà láìbéèrè nǹkan kan. Alhaja tẹ́wọ́ síta, wọ́n ṣàdúà fún màmá Tíṣà, a ṣe àmín.

Ohun tó ń kọ mí lóminú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí ni pé mo ti bá Sísí sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìmọye ìgbà láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sọ ọ́ rí. Ká ní àwo ńlá kan ni wọ́n gbé síwájú oníkálùkù wa lọ́sàn-án yẹn, ogójì ìṣẹ́jú la máa fi jẹ ẹ́, a máa nu ẹnu, a máa ya fọ́tò, a máa dìde. Àwọn àwo kéékèèké yẹn ló mú wa mọ́lẹ̀, tí ọ̀kan ń lọ tí òmíì ń bọ̀, tí kò sí ibi kan tí èèyàn lè tọ́ka sí pé ó ti parí, títí ọ̀rọ̀ fi rí ọ̀nà jáde.

Aago méje ku díẹ̀ la tó bèèrè bíìlì. Yúrò mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, àwa mẹ́rin. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti ń tan iná ní afárá.

Ọjọ́ Àìkú

A pẹ́ jí. Tíṣà mú wa lọ wo títì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Calle Conde Negro. Orúkọ tí wọ́n ń pe Juan de Valladolid ni, èèyàn dúdú tí Ọba Fernando àti Ayaba Isabel fi ṣe adájọ́ àti olórí fún gbogbo èèyàn dúdú Sevilla ní 1475. Ẹ fojú inú wò ó, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà débi pé wọ́n nílò adájọ́ tiwọn, ẹrú ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ti gba òmìnira náà wà. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ẹgbẹ́ Los Negritos wà nítòsí ibẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn níparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ṣì ń tò jáde ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ló kúnnú ẹ̀ báyìí. A dúró síwájú ilẹ̀kùn náà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí a sọ.

Lẹ́yìn náà Tíṣà àti Sísí ní àwọn fẹ́ rìn lọ sétí odò, àwọn méjì péré. Èmi àti Alhaja ra castañas, irú èso igi kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sun ún lójú títì, èéfín ẹ̀ bo gbogbo orígun náà bíi ti ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì, ó dì í sínú bébà fún wa, gbígbóná. Ó jọ ọ̀dùnkún sísun lẹ́nu. A jókòó sórí bẹ́ńṣì, à ń bó o, à ń jẹ ẹ́, Alhaja ń ka iye wákàtí tí àwọn yẹn ti lọ. Mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé

Mo ra àwo amọ̀ kéékèèké mẹ́fà ní Triana láàárọ̀, aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, aṣọ ìwọ̀sùn mi ni mo fi wé wọn nínú báàgì. Òróró ólífì wà lọ́kàn mi, wọn ò jẹ́ kéèyàn gbé e wọ bààlúù lọ́wọ́, mo fi sílẹ̀. A dágbére níwájú táksí, kò rọrùn.

Ó di aago mọ́kànlá alẹ́ kí n tó wọlé. Bí mo ṣe tan fóònù, Sísí ti fi fọ́tò kan sínú WhatsApp wa. Aṣọ ẹbí yẹn ni, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní Leeds, ìró, bùbá, gèlè, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e.

Ohùn ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni Tíṣà fi dá a lóhùn.